SSS ni àbí SAS? Bí a ṣe ń yan ọ̀nà tí a ó fi hàn pé onígun mẹ́ta méjì ṣe régí

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. SS2 ni mo wà. Wọ́n yàwòrán onígun mẹ́ta ABC fún wa: |AB| = |AC|, D sì wà ní àárín gbùngbùn BC. Wọ́n ní ká fi hàn pé △ABD ≡ △ACD, ká sì tún fi hàn pé AD àti BC pàdé ní igun 90°. SSS ni mo lò, ọ̀rẹ́ mi lo SAS. Ẹnì kan lo RHS, ẹlòmíràn kọ ASA. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gba máàkì, wọ́n fa igi lé ti àwọn méjì yòókù. Bẹ́ẹ̀ ibì kan náà ni gbogbo wa parí sí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó yẹ kó lò? Ṣé èyí tó bá wù wá ni, àbí òfin wà níbẹ̀?

* * *

Ẹ̀tọ́ ni máàkì tí wọ́n fún yín, ẹ̀tọ́ náà ni igi tí wọ́n fà lé tàwọn yẹn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: onígun mẹ́ta méjì ṣe régí (≡) bí gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti igun wọn bá dọ́gba. Nínú lẹ́tà ọ̀nà wọ̀nyí, S ni ẹ̀gbẹ́, A ni igun, R ni igun 90°, H ni hypotenuse, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun 90°. Nínú SAS, igun náà gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì; nínú ASA, ẹ̀gbẹ́ ló wà láàárín igun méjèèjì.

Kí o tó ronú kan SSS tàbí RHS, wo ohun tí ìbéèrè kó lé ẹ lọ́wọ́. |AB| = |AC|, ìbéèrè ló sọ ọ́. |BD| = |CD|, nítorí D wà ní àárín gbùngbùn. AD ńkọ́? Onígun mẹ́ta méjèèjì ló jọ ni ín. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ti pé, SSS, ó parí. Òun náà lèmi ì bá lò, torí pé kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè bi ọ́ pé níbo lo ti rí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ mú |AB| = |AC| àti |BD| = |CD|, ó wá fi ∠ABD = ∠ACD kún un, nítorí pé tí ẹ̀gbẹ́ méjì bá dọ́gba nínú onígun mẹ́ta, igun méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ wọn máa ń dọ́gba. Igun B wà láàárín AB àti BD, igun C wà láàárín AC àti CD. SAS tó yanjú nìyẹn.

Ẹni tó kọ RHS ní igun 90° wà ní D. Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un? Apá kejì ìbéèrè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó wá fi hàn! Ó ti ń ná owó tí wọn ò tíì san fún un. Ẹni tó kọ ASA ní tirẹ̀ lo ∠BAD = ∠CAD. Ó wo àwòrán, ó rí i pé ó dà bíi pé AD pín igun òkè sí ọgbọọgba. Ojú ló fi rí i; kò sí ibì kankan nínú ìbéèrè tí wọ́n ti sọ ọ́.

Kì í ṣe pé RHS ò dáa o. Yí ìbéèrè yẹn padà díẹ̀. Ká ní wọ́n sọ pé AD pàdé BC ní igun 90°, tí wọn ò sọ pé D wà láàárín, RHS ni ì bá yá jù: igun 90° ní D, AB àti AC tó kọjú sí i dọ́gba, AD jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ká ní wọ́n ní AD pín igun A sí ọgbọọgba ni, SAS ni: AB, igun tó wà láàárín, AD. Àwòrán kan náà, lẹ́tà kan náà, ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ló ń yan ọ̀nà fún wa.

Apá kejì ò le. Bí àwọn méjèèjì bá ti ṣe régí, ∠ADB = ∠ADC. BDC sì jẹ́ ìlà gbọọrọ kan, àpapọ̀ igun méjèèjì jẹ́ 180°, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 90°. Kọ gbólóhùn ìlà gbọọrọ yẹn sílẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń fò ó, ibẹ̀ sì ni máàkì wà.

* * *

Ẹnì kan ti ta kò mí. Ó ní SAS ọ̀rẹ́ yẹn ò yanjú tó bí mo ṣe wí. Ó béèrè pé, báwo la tiẹ̀ ṣe mọ̀ pé igun ìsàlẹ̀ méjèèjì dọ́gba? Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa, wọ́n máa ń fa ìlà láti òkè wá sí àárín ìsàlẹ̀, wọ́n á fi SSS hàn pé apá méjèèjì ṣe régí, wọ́n á wá ní igun dọ́gba. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ yẹn kàn yí po ni, ó padà síbi tó ti ń bọ̀.

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, àmọ́ ibi tó parí sí ni mi ò gbà. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, òfin igun ìsàlẹ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. O lè pè é ní ẹlẹ́rìí, àfi tó bá jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ní kí o fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Tí a bá sì fẹ́ kà á láti ìpilẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn yí padà sí ẹni tó sọ ọ́. Euclid, tó kọ ìwé jẹ́ọ́mẹ́tírì tó ń jẹ́ Elements ní nǹkan bí 300 ṣáájú Kristi, tó sì kọ́ni ní Alẹkisáńdíríà nílẹ̀ Íjíbítì, fi SAS ṣe ìkẹrin nínú àwọn òfin tó tò sí apá àkọ́kọ́ ìwé náà. Igun ìsàlẹ̀ ni ìkarùn-ún. SSS ò dé àfi ìgbà tó di ìkẹjọ. Ẹ̀rí SSS sì dúró lórí ìkeje, ìkeje dúró lórí igun ìsàlẹ̀. Nítorí náà, nínú ètò ti Euclid, ọ̀rẹ́ yìí ló wà nítòsí ìpilẹ̀. Èmi àti ẹni tó béèrè ìbéèrè, tá a lo SSS, la gun orí igun ìsàlẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀.

Pappus, tí òun náà gbé ní Alẹkisáńdíríà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Kò fa ìlà kankan. Ó wo △ABC, ó tún wo òun kan náà láti òdìkejì bíi △ACB. |AB| = |AC|, |AC| = |AB|, igun A sì wà láàárín nínú méjèèjì. SAS. Nítorí náà ∠B = ∠C. Ó parí! Kò nílò D rárá. Àwọn ọmọ máa ń rò pé màgòmágó wà níbẹ̀. Kò sí. Kò sí òfin tó ní kí onígun mẹ́ta méjèèjì wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

SAS fúnra rẹ̀ ńkọ́? Euclid gbé onígun mẹ́ta kan lé èkejì lórí, ó ní wọ́n bo ara wọn. Ọ̀pọ̀ ló ti bi í pé òfin wo ló gbà á láyè láti gbé nǹkan kiri. Nígbà tí Hilbert, ará Jámánì, tún ìpilẹ̀ jẹ́ọ́mẹ́tírì tò ní 1899, ó fi kókó SAS sínú àwọn ohun tí a kàn gbà láìbéèrè ẹ̀rí. Nítorí náà bí ẹ bá lọ jìnnà tó, ẹ ó kan ilẹ̀ níbì kan. SS2 ò ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

* * *

"Tíṣà, èmi lo |AB| = |AC|, |AD| = |AD|, àti ∠B = ∠C. Òdo ni wọ́n fún mi. Ohun mẹ́ta lèmi náà kó jọ bíi tiwọn, òótọ́ sì ni gbogbo wọn."

Òótọ́ ni gbogbo wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo ibi tí igun rẹ wà. AB àti AD pàdé ní A, igun tìrẹ sì wà ní B. Ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́, igun: SSA. Kò sí lára ọ̀nà tí wọ́n gbà, kì í sì í ṣe pé àwọn tó ń ṣèdánwò le. Dán an wò fúnra rẹ.

Fa ìlà gígùn kan sórí ìwé, kí o fi A sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fi pòrótírátọ̀ wọn 30° ní A, fa ìlà kejì, kí o sàmì sí B lórí rẹ̀ níbi tó fi 8 cm jìnnà sí A. Wá ṣí kọ́ńpáàsì rẹ sí 5 cm, gún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ B, kí o yí i. Yóò gé ìlà àkọ́kọ́ níbi méjì! Ọ̀kan fi nǹkan bí 3.9 cm jìnnà sí A, èkejì nǹkan bí 9.9 cm. Pe èyí tó bá wù ẹ́ ní C. Igun 30° wà nínú méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ 8 cm wà níbẹ̀, 5 cm wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀kan kéré, ó ṣe tínínrín, èkejì tóbi jù ú lọ dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa wò wọ́n tó máa ní wọ́n ṣe régí.

Má tíì kó ìwé náà nílẹ̀. Pa kọ́ńpáàsì dé 4 cm. Ibì kan péré ni yóò fara kan ìlà ìsàlẹ̀ báyìí, igun tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ 90°. Pa á dé 3 cm, kò ní débẹ̀ rárá, kò sí onígun mẹ́ta. Wá ṣí i sí 10 cm. Yóò gé ìlà náà níbi kan níwájú. Ibi kejì á bọ́ sẹ́yìn A, igun tibẹ̀ sì máa jẹ́ 150°, kì í ṣe 30° tí a fẹ́. Ìyẹn ni pé onígun mẹ́ta kan ṣoṣo ló kù. Láàárín 4 sí 8 nìkan ni wàhálà wà, níbi tí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun náà ti kúrú ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ ṣùgbọ́n tó ṣì gùn tó láti gé ìlà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ohun tí o kó jọ bá onígun mẹ́ta tó bára mu lọ, ó bá èyí tí kò bára mu náà lọ. Ibi tí o dé jẹ́ òótọ́, ọ̀nà tí o gbà ni kò lè gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀.

* * *

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ ọ́, ó sì ti sọ ọ́: "Ṣé RHS kì í ṣe SSA tó wọ ẹ̀wù mìíràn ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Igun 90°, hypotenuse, ẹ̀gbẹ́ kan: igun náà ò sí láàárín wọn. Ohun tó gbà á là ni pé hypotenuse ló máa ń kọjú sí igun 90°, òun ló sì máa ń gùn jù. Kọ́ńpáàsì ò lè gé ìlà níbi méjì tó máa bí onígun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn Pythagoras lè gba ibòmíràn: bí hypotenuse àti ẹ̀gbẹ́ kan bá dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kẹta ò lè má dọ́gba, ó sì ti di SSS.

Ohun tó ń bí mi nínú jù níbi RHS kò tilẹ̀ kan èyí. Àwọn ọmọ máa ń rí àmì 90° nínú àwòrán, kíá, wọ́n á kọ RHS. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó dọ́gba bá jẹ́ àwọn tó di igun 90° náà mú, SAS ni, RHS kọ́. H gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á rántí H, á gbàgbé láti kọ igun 90° sílẹ̀ bí ìlà kan gedegbe nínú ẹ̀rí rẹ̀, ó sì ti di SSA padà nìyẹn.

* * *

Ìyá kan láti Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ọmọ òun ń kọ HL nílé ìwé, òun ní RHS ni, àwọn méjèèjì ń jà nídìí tábìlì. Ẹ má bínú, mà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. HL ni wọ́n ń pe RHS lọ́hùn-ún. Wọ́n tún máa ń pín ojú ìwé sí méjì, ọ̀rọ̀ lápá kan, ìdí rẹ̀ lápá kejì, èmi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ń fipá mú ọmọ láti sọ ìdí. Lẹ́tà CPCTC tí ẹ rí lópin iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó dúró fún ni pé nígbà tí onígun mẹ́ta méjèèjì ti ṣe régí, gbogbo apá wọn tó bára wọn ṣe dọ́gba. Ọmọ tiwa níbí á kàn kọ ọ́ ní gbólóhùn.

Ìjà tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ dá sí. AAS àti ASA: ṣé ọ̀kan ni wọ́n tàbí méjì? Ètò ẹ̀kọ́ GCSE, ìdánwò àwọn ọmọ girama ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, to mẹ́rin péré: SSS, SAS, ASA, RHS. Lọ́dọ̀ wa àti ní Amẹ́ríkà, AAS máa ń gba àyè tirẹ̀. Ojú tèmi ni pé ọ̀kan ni wọ́n. Bí igun méjì bá dọ́gba, ẹ̀kẹta ò ríbi sá sí, torí pé 180° ni gbogbo wọn. Nítorí náà ẹ lè máa fi ìlà kan sọ AAS di ASA. Euclid náà kó méjèèjì sínú ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, òun sì ni Proclus, tó kọ àlàyé lórí ìwé Euclid, tó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìwé Eudemus tó kọ ìtàn jẹ́ọ́mẹ́tírì, sọ pé Thales, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì àtijọ́, ní láti ti lò nígbà tó ń wọn bí ọkọ̀ ojú omi ṣe jìnnà tó sí etíkun.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ní kí wọ́n wà lọ́tọ̀ ní ìdí kan tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ọmọ bá ti há a sórí pé "igun méjì, ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti tó", kò ní wo ibi tí ẹ̀gbẹ́ náà wà mọ́. Mú onígun mẹ́ta méjì tí igun wọn jẹ́ 40°, 60° àti 80°. Nínú ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ 7 cm kọjú sí 40°. Nínú èkejì, 7 cm kọjú sí 60°. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ 7 cm wà nínú méjèèjì, síbẹ̀ àkọ́kọ́ tóbi ju èkejì lọ. Ẹ̀gbẹ́ tí a bá ń pè ní dọ́gba gbọ́dọ̀ kọjú sí igun kan náà. Bí orúkọ AAS bá máa rán ọmọ létí ìyẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó wà.

* * *

"Bó bá jẹ́ pé ohun márùn-ún ló dọ́gba nínú mẹ́fà, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta àti igun mẹ́ta, ńkọ́? Ìyẹn á tó, àbí?"

Kò tó! Ẹ wo onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 8, 12 àti 18, pẹ̀lú èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 12, 18 àti 27. Ẹ fi ìdajì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú àkọ́kọ́ kún ẹ̀gbẹ́ náà, ẹ ó rí èkejì. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn dọ́gba, torí pé àwòrán kan náà ni, wọ́n kàn mú un tóbi sí i ni. Ẹ̀gbẹ́ 12 wà nínú méjèèjì, 18 náà wà nínú méjèèjì. Márùn-ún nínú mẹ́fà, wọn ò sì ṣe régí. Mo máa ń fi èyí dá àwọn ọmọ tó gbójú lójú.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí yíyàn. Ó jọ pé gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bíi pé onígun mẹ́ta méjèèjì ti wà nílẹ̀, tó kù ká fún wọn lórúkọ. Nínú ìbéèrè òbìrìkìtì ti WAEC, ìwọ fúnra rẹ lo máa fa ìlà tí yóò bí wọn.

Wọ́n ní P wà níta òbìrìkìtì, PA àti PB jẹ́ táńjẹ́ǹtì, O ni àárín. Fi hàn pé |PA| = |PB|. Kò sí onígun mẹ́ta kankan níbẹ̀ títí o fi fa OA, OB àti OP. Tó o bá ti fà wọ́n: OA àti OB jẹ́ rédíọ́ọ̀sì, wọ́n dọ́gba. Táńjẹ́ǹtì àti rédíọ́ọ̀sì máa ń pàdé ní 90°. OP jẹ́ ti àwọn méjèèjì, òun sì ni hypotenuse. RHS ti pé. Ẹni tó bá fẹ́ lo SSS máa nílò |PA| = |PB|, ohun tí wọ́n ní kó wá fi hàn.

Kọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Bí wọ́n bá ní ìlà OM láti àárín pàdé kọ́ọ̀dù AB ní 90°, tí wọ́n ní kí o fi hàn pé M pín in sí ọgbọọgba, RHS ni. Bí wọ́n bá ní M wà ní àárín kọ́ọ̀dù, tí wọ́n ní kí o fi 90° hàn, SSS ni. Àwọn ọmọ tó há ẹ̀rí kan sórí máa ń kọ ọ́ fún ìkejì, nítorí àwòrán wọn jọra bí ẹni pé ẹyọ kan ni.

Ibi tó tún ń pa ọ̀pọ̀ lára ni ABCD tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó dojú kọra jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ní ká fi hàn pé |AB| = |DC|. Ọmọ á fa AC, á kọ |AB| = |DC|, ìdí: "ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọra nínú parallelogram". Àbúrò, ìyẹn gan-an ni wọ́n bi ọ́! Ohun tí wọ́n fún ẹ ni párálẹ́ẹ̀lì, párálẹ́ẹ̀lì sì ń bí igun. ∠BAC = ∠DCA, ∠BCA = ∠DAC, àwọn igun onírísí Z, AC sì wà láàárín. ASA. Mo ti wá gbà pé ìbéèrè tó bá fún ni ní párálẹ́ẹ̀lì máa ń fẹ́ ASA tàbí AAS, èyí tó bá fún ni ní òbìrìkìtì máa ń fẹ́ SSS tàbí RHS, torí pé rédíọ́ọ̀sì ń bí ẹ̀gbẹ́ tó dọ́gba. Kì í ṣe òfin, àmọ́ kì í sábà já mi kulẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà, ní kúkúrú. Nínú ẹ̀rí párálẹ́ẹ̀lì òkè yẹn, △ABC ≡ △CDA ló tọ̀nà. Ẹni tó bá kọ △ABC ≡ △ADC ti sọ pé AB bá AD dọ́gba, irọ́ sì ni. Igun tó wà níwájú gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà níwájú lọ, ti àárín bá ti àárín. Àwọn kan ní ìjọ̀ngbọ̀n lásán ni. Ẹ bá mi bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa mọ igun tó dọ́gba lẹ́yìn náà bí wọn ò bá to lẹ́tà dáadáa.

* * *

"Gbogbo èyí, kí ló wúlò fún lẹ́yìn WAEC?"

Bi káfíńtà. Bó bá kan igi mẹ́rin pọ̀ fún férémù ilẹ̀kùn, kó tó kó o kúrò nílẹ̀ á máa wọ́ sápá kan. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ò di igun mú. Á wá kan igi kan dábùú láti igun kan sí èkejì, férémù náà á le gbagidi. Onígun mẹ́ta méjì ló ṣẹ̀dá, bí gígùn igi mẹ́ta bá sì ti dúró, igun wọn ò lè yí mọ́. SSS ni. Igi òrùlé tí gbogbo wa ń sùn sábẹ́ rẹ̀ dúró lórí ohun kan náà. Mi ò sọ pé káfíńtà máa kọ ≡ sára igi o.

* * *

"Ẹ ṣé o, Tíṣà. Mo ti ń dán òmíràn wò. ABCD, |AB| = |AD|, |CB| = |CD|, AC àti BD gba ara wọn kọjá ní E. Wọ́n ní ká fi hàn pé |BE| = |DE|. Mo mú △ABE àti △ADE: |AB| = |AD|, AE jẹ́ ti àwọn méjèèjì, ∠ABE = ∠ADE torí pé △ABD ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dọ́gba. Ṣé ó ti tó?"

Onígun mẹ́ta tí o mú dára, ìlà kẹta ló bà á jẹ́. AB àti AE pàdé ní A, igun tí o mú sì wà ní B. SSA tún ni. Igun tí o nílò ni ∠BAE àti ∠DAE, wọn ò sì fún ẹ. Nítorí náà lọ wá a níbòmíràn.

Gbé ojú sókè sí onígun mẹ́ta ńlá méjèèjì, △ABC àti △ADC. |AB| = |AD|, |CB| = |CD|, AC jẹ́ ti àwọn méjèèjì. SSS. Nítorí náà ∠BAC = ∠DAC. E wà lórí AC, ìyẹn ni pé ∠BAE = ∠DAE ti wà lọ́wọ́ rẹ. Wá padà sí △ABE àti △ADE: |AB| = |AD|, igun yẹn, AE. SAS, |BE| = |DE|.

Ọ̀nà méjì nínú ẹ̀rí kan ṣoṣo, àkọ́kọ́ ń wá igun fún èkejì. Nígbà tí ohun tí wọ́n fún ẹ kò bá tó fún onígun mẹ́ta tí o fẹ́, má fi àwòrán dí i. Wá onígun mẹ́ta mìíràn tí ohun tí o ní máa tó fún. Bí apá kejì ìbéèrè náà bá sì ní kí o fi hàn pé AC àti BD pàdé ní 90°, má tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. △ABE ≡ △ADE ti fún ẹ ní ∠AEB = ∠AED, BED sì jẹ́ ìlà gbọọrọ.